Ìgbésí Ayé Olóògbé Elystan Prothero, Ẹni Tí Gbogbo Ìlú Mọ̀ Sí Elystan Fèrè, àti Ọ̀rọ̀ Ìkanlẹ̀ Ọdún 1886

Nantgarreg ni wọ́n ti bí bàbá wa, Elystan Prothero, ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹwàá ọdún 1861, nínú ilé kẹta sí afárá, ilé tí ilẹ̀kùn rẹ̀ kì í tì dáadáa títí di òní olónìí. Job Prothero, òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ páànù, ni bàbá wọn. Hannah, ọmọ Rees alágbẹ̀dẹ láti orí òkè, ni ìyá wọn. Àwọn Prothero kò lówó, wọn kò nílẹ̀, ṣùgbọ́n ohùn orin wà lọ́fun wọn, ẹnikẹ́ni tó bá ti bá wọn jókòó nínú ṣọ́ọ̀ṣì Bẹtania yìí lè jẹ́rìí sí i. Bàbá ni ìkẹrin nínú ọmọ méje, àwọn náà ló sì kẹ́yìn gbogbo wọn láyé. Ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kejì ọdún 1935 yìí ni wọ́n mí èémí ìkẹyìn, lẹ́ni ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin.

Ẹ̀yin ará, ẹ̀yin ọ̀rẹ́, ẹ̀yin tí ẹ fi ẹsẹ̀ rìn wá nínú ẹrẹ̀, ìdílé Prothero dúpẹ́ lọ́wọ́ yín. Èmi Gwenllian, àkọ́bí wọn, tí mo jẹ́ olùkọ́ nílé ìwé ìlú yìí, ni wọ́n ní kí n kọ ìtàn yìí. Bàbá fi ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀ tí wọ́n pàṣẹ pé a gbọ́dọ̀ kà sókè létí gbogbo yín kí pósí wọn tó kọjá ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Ọ̀rọ̀ náà kò dùn ún gbọ́. Àbúrò mi Idwal ní ká fò ó. Ọjọ́ mẹ́ta la fi bá ara wa jà lórí rẹ̀, òkú sì wà nílé, kí Ọlọ́run dárí jì wá. Bí mo bá dé ọdún tí ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀, ẹ óò gbọ́ ọ.

Ní ọdún 1868 ni wọ́n fi Bàbá sí ilé ìwé. Àwọn àgbà tó wà níhìn-ín rántí pákó ilé ìwé ìgbà náà. Ọmọ tó bá fi èdè ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀, tíṣà á fi okùn so pákó kékeré kan mọ́ ọn lọ́rùn, ọmọ náà á sì máa dẹtí kó lè gbọ́ ẹlòmíràn tó bá ṣèèṣì sọ ọ́, kó lè gbé pákó náà fún onítọ̀hún. Ọrùn ẹni tó bá wà nígbà tí ilé ìwé bá parí, òun ló ń jẹ pàṣán. Ní ọ̀sẹ̀ kan, ọjọ́ márùn-ún gbáko ni pákó yẹn fi wà lọ́rùn Bàbá, bẹ́ẹ̀ ni gbogbo kíláàsì ń sọ èdè náà wẹ́wẹ́ létí wọn. Ìyá wọn bi wọ́n pé kí ló dé. “Mi ò gbọ́ nǹkan kan, Màmá,” ni wọ́n fi dáhùn. Mo mọ̀ọ́mọ̀ kọ èyí síbí ni. Ọmọ tó lè gba pàṣán nítorí ẹlòmíràn ni bàbá wa, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi í sọ́kàn.

Ọdún 1872 ni wọ́n kúrò nílé ìwé tí wọ́n tẹ̀lé bàbá wọn lọ sí ilé iṣẹ́ páànù. Iṣẹ́ wọn ni láti máa ya páànù gbígbóná tó lẹ̀ mọ́ra wọn sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Àpá iṣẹ́ náà wà lọ́wọ́ wọn títí wọ́n fi kú. Àwọn ọmọ ìlú tí wọ́n jọ ṣeré máa ń sọ pé ọwọ́ tó ti mú páànù gbígbóná láì jẹ́ kó bọ́, kò sí bọ́ọ̀lù tó lè bọ́ lọ́wọ́ bẹ́ẹ̀. Bàbá kì í rẹ́rìn-ín sí ọ̀rọ̀ yìí. A rò pé wọn kò fẹ́ ìyìn ni.

Ní ọdún 1879 ni ẹgbẹ́ rọ́gbì bẹ̀rẹ̀ ní Nantgarreg, lórí pápá kan tí àgùntàn ń jẹ̀ nínú ọ̀sẹ̀, tí àwọn ọkùnrin sì ń yí gbiri nínú ìgbẹ́ àgùntàn náà ní Sátidé. Bàbá kúrú, wọ́n sì yára, nítorí náà ẹ̀yìn agbo ni wọ́n fi wọ́n sí, kí wọ́n máa mú bọ́ọ̀lù jáde níbi tí àwọn òmìrán ti ń forí ti ara wọn. Àwọn díákónì ní eré Sátánì ni. Ìyá wọn, Hannah, kò bá díákónì kankan jiyàn. Wọ́n kàn ń sá ẹ̀wù eré náà sílé lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná ni, kí ẹnikẹ́ni má baà rí i lórí okùn. Ní 1885 wọ́n yan Bàbá mọ́ àwọn tó ń lọ gbá bọ́ọ̀lù fún orílẹ̀-èdè wa Wales, ṣùgbọ́n fún ìdúródè ni, bóyá ẹnì kan á pàdánù ọkọ̀ ojú irin. Gbogbo àwọn eléré mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló wá. “Mi ò tíì rí irú àwọn èèyàn tí ara wọn le bẹ́ẹ̀ rí,” ni Bàbá máa ń wí. “Ikọ́ lásán, wọn ò wú u.”

A ti dé ọdún 1886. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ kò mọ bí wọ́n ti ń dájọ́ eré nígbà náà, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ ní ṣókí. Rẹfirí wà pẹ̀lú fèrè lẹ́nu, ṣùgbọ́n kì í dá fọn ọ́n fún ẹ̀ṣẹ̀ kankan. Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan máa ń mú ọkùnrin kan wá tó di ọ̀pá mú. Bí àwọn eléré bá rí ẹ̀ṣẹ̀, wọ́n ní láti pe ẹjọ́, kí wọ́n fi ohùn wọn pè é. Nígbà náà ni ẹni tó di ọ̀pá mú fún wọn, bí ojú tirẹ̀ náà bá rí i, yóò gbé ọ̀pá rẹ̀ sókè, tí rẹfirí yóò sì fọn fèrè. Bí kò bá sẹ́ni tó pe ẹjọ́, kò sí ẹ̀ṣẹ̀. Èèwọ̀ ni kí ẹni tó di ọ̀pá mú ta àwọn èèyàn rẹ̀ lólobó.

Sátidé tó ṣáájú Ọjọ́ Àjíǹde ni ìparí ìdíje Ife Àfonífojì, àwa àti Pontelli. Pontelli kò ju máìlì mẹ́rin sí wa lọ, odò ló pín wa, a sì ti ń bú ara wa láti òdìkejì odò náà kí rọ́gbì tó dé. Òjò ti ń rọ̀ láti Ọjọ́rú. Ẹni tó di ọ̀pá mú fún Pontelli ni Tudwal Beynon, aránbàtà, ẹni ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n, tí gbogbo èèyàn ń pè ní Tudwal Bàtà. Ó ku ìṣẹ́jú díẹ̀ kí eré parí, kò sẹ́ni tó tíì jẹ nǹkan kan. Bàbá mú bọ́ọ̀lù jáde lẹ́yìn agbo, wọ́n sáré, wọ́n ju ara wọn sí ìlà kí wọ́n lè fi ọwọ́ tẹ bọ́ọ̀lù mọ́lẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, èyí tí à ń pè ní ìkanlẹ̀.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn nìyí, bí Bàbá ti sọ ọ́ lẹ́nu ara wọn tí mo sì kọ ọ́ lórí ibùsùn wọn ní ọjọ́ kẹta oṣù yìí:

“Bọ́ọ̀lù náà bọ́ lọ́wọ́ mi síwájú kí n tó dé ìlà, ẹ̀ṣẹ̀ sì nìyẹn nínú òfin eré. Mo mọ̀. Àyà ni mo fi dé e mọ́lẹ̀ lẹ́yìn ìlà, kì í ṣe ọwọ́. Kì í ṣe ìkanlẹ̀. Èèyàn ti bò mí mọ́lẹ̀, ẹrẹ̀ sì bo gbogbo wa, àwọn Pontelli kò rí i. Nígbà tí mo gbójú sókè, Tudwal Beynon dúró níwọ̀n ìṣísẹ̀ mẹ́rin sí mi, ó ń wò mí. Rẹfirí béèrè pé, ‘Ṣé ẹnikẹ́ni pe ẹjọ́?’ Kò sẹ́ni tó fèsì. Tudwal kò gbé ọ̀pá rẹ̀, torí pé kò sẹ́ni tó pe ẹjọ́. Èmi ló ń dúró dè. Mo mọ̀ pé èmi ni. Mo dìde, mo nu ẹrẹ̀ kúrò lẹ́nu mi, mi ò sọ nǹkan kan.”

Ìkanlẹ̀ kan ṣoṣo yẹn la fi gba ife náà. Wọ́n gbé Bàbá lé èjìká láti pápá dé afárá, àwọn díákónì tó ní eré Sátánì ni sì wá mu tíì lọ́dọ̀ ìyá wọn. Ní òdìkejì odò, balógun àwọn eléré Pontelli bi Tudwal Beynon níwájú gbogbo ẹgbẹ́ pé:

“Tudwal, ṣé o rí i?”

“Mo rí i. Bọ́ọ̀lù bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀.”

“O rí i, o wá dúró bí òpó? Kí ló dé tó ò gbé ọ̀pá?”

“Ẹ ò pe ẹjọ́. Òfin ni.”

“Òfin! Ó dáa. Kí òfin máa wá rán bàtà lọ́dọ̀ ẹ!”

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ló rí. Láti ọjọ́ Ajé tó tẹ̀lé e, kò sẹ́ni tó tún gbé bàtà wá fún un ní Pontelli. Wọ́n ní Nantgarreg ti rà á. Wọ́n fọ́ fèrèsé ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tí ìkórè dé, òun, ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ méjì di ẹrù wọn sórí kẹ̀kẹ́ ẹṣin, wọ́n kó lọ sí Porthwen létí òkun. Pontelli kọ̀wé sí ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ wa nípa ìkanlẹ̀ náà. Ìgbìmọ̀ wa kọ̀wé padà pé kò sẹ́ni tó pe ẹjọ́. Kò sí ẹyọ ẹnì kan nínú ìgbìmọ̀ náà tó rin ìwọ̀n ilé mẹ́wàá wá bi Bàbá léèrè. Bàbá sì jókòó sílé, wọ́n ń retí ìbéèrè náà.

Ní ọdún 1888 Bàbá gbé Leisa, ọmọ oníbúrẹ́dì, níyàwó nínú ṣọ́ọ̀ṣì yìí. Ìyá wa kò fẹ́ràn rọ́gbì, wọ́n fẹ́ràn ọkọ wọn. Ẹgbẹ́ fi àwòrán ńlá àwọn tó gba ife ṣe ẹ̀bùn ìgbéyàwó fún wọn, Bàbá sì gbé e kọ́ sínú ilé ìdáná, lókè ibi tí a ń kó èédú sí.

“Elystan,” ni ìyá wa wí, “gbogbo ilé tó wà ládùúgbò yìí ló gbé e sí pálọ̀. Ìwọ tó o jẹ ìkanlẹ̀ gan-an lo gbé tìrẹ sídìí èédú. Kí làwọn èèyàn á máa rò?”

“Wọ́n á rò pé mo fẹ́ràn èédú.”

Àwọn èèyàn rò pé ìrẹ̀lẹ̀ ni. Àlùfáà tiẹ̀ wàásù lé e lórí lọ́jọ́ Ìsinmi kan.

Orúnkún Bàbá bàjẹ́ ní 1889, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rẹfirí. Níbi ìpàdé àwọn ẹgbẹ́ àfonífojì, àwọn ló ń pariwo jù pé kí wọ́n pa òfin ìpẹ̀jọ́ rẹ́, kí rẹfirí máa fọn fèrè fún ohun tí ojú rẹ̀ bá rí, kó má dúró de ẹnikẹ́ni. Àwọn tó wà níbẹ̀ ní ọ̀rọ̀ náà máa ń bí Bàbá nínú débi pé wọ́n ń gbá tábìlì. Nígbà tí òfin yí padà ní ọdún díẹ̀ sígbà náà, wọ́n jókòó, wọ́n bo ojú wọn. A máa ń pe ìyẹn ní ọgbọ́n àtinúdá. Èmi náà pè é bẹ́ẹ̀ nínú ìwé ìròyìn ilé ìwé nígbà kan.

Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n dá àṣà kan sílẹ̀ tí kò sí nínú òfin. Bí ẹnì kan bá jẹ ìkanlẹ̀ tí kò dá Bàbá lójú, wọ́n á rìn lọ bá a, wọ́n á wo ojú rẹ̀, wọ́n á bi í pé, “Ṣé ó kanlẹ̀?” Ní 1894 ní pápá Brynhir, ọ̀dọ́mọkùnrin ẹni ogún ọdún kan, Cadog Mathias, ni wọ́n bi. Ó wo ilẹ̀, ó wo àwọn èèyàn rẹ̀ tó ń jó lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá, ó ní, “Rárá, sà. Ó bọ́.” Ariwo ta.

“Cadog, ẹnu ẹ ò lè dákẹ́ ni?”

“Rẹfirí, ṣé àlùfáà ni ẹ́? Gba ìjẹ́wọ́ ẹ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì!”

“Ẹ bi í bóyá ó fọ ẹsẹ̀ lánàá náà!”

Bàbá bọ Cadog lọ́wọ́ lójú gbogbo wọn. Nígbà tí eré parí, wọ́n bá a rìn láti pápá dé ẹnu ọ̀nà ilé ìyá rẹ̀, ẹrẹ̀ tí àwọn èèyàn sì ń jù lù ú, ẹ̀yìn ẹ̀wù Bàbá ló bà. Nígbà tí wọ́n délé, wọ́n jókòó sídìí èédú, wọ́n sunkún. Ìyá wa rò pé ẹrẹ̀ tí wọ́n jù ló dùn wọ́n.

Láti 1896 ni Bàbá ti ń kọ́ àwọn rẹfirí tuntun lálaalẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun nínú yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì yìí. Ọ̀dùnkún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni ẹgbẹ́ kan, kárọ́ọ̀tì mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni ìkejì, wọ́n á máa tì wọ́n káàkiri orí tábìlì. Àwọn tó bá gbá bọ́ọ̀lù lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, inú ọbẹ̀ ìyá wa la ti ń bá wọn ní Ọjọ́rú, pẹ̀lú ẹran àgùntàn. Cadog Mathias wà nínú kíláàsì náà. Ó bi wọ́n lálẹ́ ọjọ́ kan nípa òfin àtijọ́ pé, “Ọ̀gá, ṣé eléré lè pe ẹjọ́ ara rẹ̀?” Bàbá mú kárọ́ọ̀tì kan, wọ́n ń yí i lọ́wọ́. “Òfin ò kọ̀ ọ́,” ni wọ́n wí. “Mi ò tíì rí ẹni tó ṣe é rí ni.” Wọ́n ní kí gbogbo kíláàsì máa lọ sílé. Aago méje ò tíì lù.

Akọ̀wé ẹgbẹ́ ni Bàbá láti 1897 títí di 1921, ọdún mẹ́rìnlélógún. Àwọn ló ra pápá tí ẹgbẹ́ ní lónìí, àwọn ló lé àgùntàn kúrò níbẹ̀. Nígbà tí ilé iṣẹ́ páànù tì fún oṣù márùn-ún, ilé ẹgbẹ́ ni wọ́n sọ di ilé ìdáná, kò sì sí ọmọ ìlú yìí, oníṣọ́ọ̀ṣì tàbí ọ̀mùtí, tí kò jẹ ọbẹ̀ níbẹ̀. Wọ́n di díákónì Bẹtania ní 1906, wọn kì í sì í gba ipò àga iwájú. Àbúrò wa Emrys kú sójú ogun ní ilẹ̀ Faransé ní 1916. Bàbá ń nu bàtà eré Emrys ní Sátidé gbogbo, bàtà náà sì ń dán títí di ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ìyá wa tẹ̀lé e ní 1929.

Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ọdún 1932, mo ń kun ilé ìdáná wọn ní ọ̀dà funfun, mo sì gbé àwòrán ọdún 1886 sílẹ̀. Mo ṣàkíyèsí pé Bàbá yí ojú wọn sí ògiri. Mo ti rí i tí wọ́n ń ṣe bẹ́ẹ̀ láti kékeré mi, n kò béèrè rí. Mo ní, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé bọ́ọ̀lù yẹn kanlẹ̀?”

Wọ́n gbé ife tíì kalẹ̀. “Rárá,” ni wọ́n wí. Nígbà tó yá wọ́n tún sọ pé, “Ìwọ lẹni àkọ́kọ́ tó bi mí.”

Inú bí mi gidigidi. Mo fi búrọ́ọ̀ṣì ọ̀dà sílẹ̀, mo jáde, mo rìn dé afárá, mo padà. Mo rántí gbogbo ohun tí a ti pè ní ìrẹ̀lẹ̀ nínú ilé wa. Mo rántí pákó ọrùn wọn náà, n kò sì mọ bí ọmọ yẹn àti ọkùnrin ọdún 1886 ṣe lè jẹ́ ẹnì kan náà. N kò tíì mọ̀ ọ́n títí di bí mo ti ń kọ èyí. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, a wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Porthwen.

Òkè ilé kan létí èbúté ni Alàgbà Tudwal Beynon ń gbé, wọ́n ṣì ń tún bàtà àwọn atukọ̀ ṣe. Wọn kò wo ojú Bàbá, bàtà wọn ni wọ́n kọ́kọ́ wò.

“Tudwal, èmi Elystan Prothero ni.”

“Mo mọ̀ ẹ́. Bàtà yẹn ò bá ẹ lẹ́sẹ̀ mu. Jókòó.”

“Mo wá sọ fún ẹ pé bọ́ọ̀lù yẹn...”

“Bọ́ lọ́wọ́ ẹ. Èmi wà níbẹ̀, Elystan! Kí lo wá ń sọ fún mi sí? Àwọn tí ò rí i ni kó o lọ sọ fún.” Wọ́n gba bàtà náà lẹ́sẹ̀ Bàbá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tú àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀. Wọ́n wá béèrè pé, “Kí ló dé tó ò fi sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ yìí?”

“Mo ń dúró kí wọ́n bi mí ni.”

Alàgbà Beynon fi òòlù sílẹ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú wọn. “Èmi náà!” ni wọ́n wí. “Wò ó, èmi náà!” Bàbá kò lè rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo fẹ́ ṣí fèrèsé kí afẹ́fẹ́ lè wọlé fún wọn, mo rí ohun tí wọ́n ń fi tì í kó má baà já lulẹ̀. Ọ̀pá ìdájọ́ Pontelli ni, ó ti dúdú, orúkọ ẹgbẹ́ ṣì wà lára rẹ̀. Wọ́n parí bàtà náà kí a tó lọ.

Bàbá gbìyànjú. Níbi àsè ọdọọdún ẹgbẹ́ ní 1933, wọ́n dìde, wọ́n ní, “Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ sọ nípa ọdún 1886.” Kò sẹ́ni tó jẹ́ kí wọ́n sọ ìkejì. Gbogbo ilé bú sí àtẹ́wọ́, wọ́n ń lu tábìlì, wọ́n ń pe “Fèrè! Fèrè!”, wọ́n gbé orin. Bàbá dúró pẹ̀lú ẹnu lílà títí wọ́n fi kọrin náà dé ẹsẹ ìkẹyìn, wọ́n sì jókòó. “Wọn ò jẹ́ kí n pe ẹjọ́, Gwen,” ni wọ́n wí fún mi lọ́nà ilé. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti pinnu pé ibi tí ẹnikẹ́ni kò ti ní pàtẹ́wọ́ ni àwọn máa sọ ọ́.

Idwal bínú nígbà tó ka ìwé tí mo kọ lórí ibùsùn. “Ọmọ mi ń gbá bọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ yìí, Gwen! Ṣé o fẹ́ kí Pontelli máa fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ títí ayé?” Mo dá a lóhùn pé Bàbá kò ní ká fẹ́ràn ọ̀rọ̀ náà, wọ́n ní ká kà á. Ọ̀gbẹ́ni Cadog Mathias, tó gba ipò akọ̀wé lọ́wọ́ Bàbá, jókòó sáàárín wa lọ́jọ́ náà. “Idwal, ọmọ mi,” ni wọ́n wí, “èmi náà ti sọ ọ́ rí lójú ẹgbẹ̀rún èèyàn. Ẹrẹ̀ ni wọ́n jù, mi ò kú.” Ìgbìmọ̀ kò tíì pinnu ohun tí wọ́n máa ṣe sí orúkọ wa tó wà lára ife ọdún náà. Ọwọ́ wọn nìyẹn kù sí. Ní ọjọ́ kẹta, Idwal ló wọ bàtà sí Bàbá lẹ́sẹ̀ fún pósí. Bàtà tí Alàgbà Beynon tún ṣe ni. Ó yẹ àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ wò fún ìgbà pípẹ́, ó rí bí abẹ́rẹ́ ti gba ibẹ̀ kọjá ní ìwọ̀n kan náà láìṣì. Ó wá sọ pé òun fúnra òun ló máa ka ìtàn yìí níwájú yín. Ohùn rẹ̀ lẹ ń gbọ́ yìí. Bó bá dákẹ́ díẹ̀, ẹ fún un láyè.

Bàbá fi ọmọ mẹ́ta sáyé lọ: èmi Gwenllian, Idwal, àti Penri tó wà ní Kánádà, tí omi òkun kò jẹ́ kó dé. Wọ́n fi ọmọ-ọmọ mẹ́fà sílẹ̀: Nesta, Job, Tegwen, Ithel, Mabli àti Emrys kékeré. Ọmọ tí Nesta bí ní oṣù kọkànlá tó kọjá náà wà níhìn-ín, a sì mọ̀ pé yóò ti máa sunkún báyìí.

Lórí àga kejì lọ́wọ́ òsì ni Alàgbà Tudwal Beynon jókòó sí, ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́rin. A fi tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ ojú irin ránṣẹ́ sí wọn, wọ́n dá a padà, wọ́n kọ̀wé pé àwọn á fi owó ara àwọn wá, pé Elystan kò gbọ́dọ̀ tún jẹ àwọn ní gbèsè kankan. A bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n mú ọ̀pá fèrèsé wọn dání.

Alàgbà, ọdún mọ́kàndínláàádọ́ta lẹ fi dúró, kò sẹ́ni tó fọhùn. Níwájú Nantgarreg, níwájú Pontelli, àti níwájú òkú ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn, àwa ìdílé Prothero pe ẹjọ́ lónìí. Bọ́ọ̀lù náà bọ́ lọ́wọ́ bàbá wa. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbé ọ̀pá yín sókè.

Ẹ sùn re o, Bàbá. A ti bi yín, ẹ sì ti dáhùn.